Omi Tí Wọ́n Ń Gbé Wá fún Ìyàwó Mi

Mo ti mu odò kan gbẹ rí. Odò gidi, tó ní ẹja nínú. Ìsàlẹ̀ oko bàbá mi ló wà, lọ́nà tó ti Èsìẹ́ lọ sí Òmù-Àrán. Ọ̀dá mú lọ́dún náà, mo ti ń kọ ebè láti àárọ̀ kùtù, òùngbẹ sì gbẹ mí débi pé ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ewé. Mo dọ̀bálẹ̀ létí odò, mo ti ẹnu bọ̀ ọ́, mo ń fà á. Ìgbà tí mo fi máa gbé orí sókè, ẹja ti ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí iyanrìn, akàn ń sá kiri bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé, àwọn obìnrin tó wá pọnmi sì dúró pẹ̀lú korobá lórí, wọ́n ń ṣépè fún mi. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo rọra lọ sẹ́yìn igi kan, mo tọ̀. Ìtọ̀ yẹn ló di àkúrọ̀ tí wọ́n fi ń gbin tẹ̀tẹ̀ níbẹ̀ dòní olónìí. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ wo tẹ̀tẹ̀ náà bó ṣe tutù.

Kíndìnrín ló ṣe iṣẹ́ yẹn, èmi ò mọ̀ nígbà náà. Kò sí ẹni tó ń rántí pé òun ní kíndìnrín, àfi ọjọ́ tó bá daṣẹ́ sílẹ̀. Tèmi kò tíì daṣẹ́ sílẹ̀. Ti ìyàwó mi ni. Kí ẹ má baà máa retí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán síbí: ó ti kú. Ó kú ní àsìkò tí a ń gbin iṣu, láàárọ̀, lórí ibùsùn wa. Láti ìgbà náà ni gbogbo ara mi ti dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé tí kò tíì jí. Mo ń jẹun, mo ń lọ sóko, mo ń pa irọ́ tí mo máa ń pa lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti òkèèrè. Kì í ṣe ikú rẹ̀ ni mo jókòó láti kọ. Omi ni.

Ìgbà ọyẹ́ ló bẹ̀rẹ̀. Bó bá jí láàárọ̀, ojú rẹ̀ á ti wú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á kún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà kún. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin bá kún, ọkọ rẹ̀ là ń kí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ilé wọn dojú kọ tiwa, ló kọ́kọ́ kí mi.

"Àbúrò mi, kí lo ń fún ìyàwó wa jẹ? Wo bó ṣe ń dán!"

"Iṣu mi ni, ẹ̀gbọ́n. Ewúrẹ́ tó bá jẹ èèpo iṣu mi, màlúù ló máa bí."

Gbogbo àdúgbò gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní mo mọ ìyàwó tọ́jú lọ́jọ́ ogbó. Mo gba oríyìn náà, mo ń gbé e kiri bí ẹni dé fìlà tuntun. Òun nìkan ni kò bá wọn gbà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó sórí àpótí, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀, ó gbé ọwọ́ kúrò, ihò náà sì dúró síbẹ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ ọwọ́ bọ ẹ̀kọ tútù.

"Bàbá wọn," ó ní, "ìsanra wo ló ń ní ihò?"

Mo ní ìsanra àwọn olówó ni. Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ kọ̀ ọ́. Ó ní bí ẹni lá irin ni gbogbo nǹkan ń rí lẹ́nu òun. Ara ń yún un tọ̀sán-tòru. Bó bá tọ̀, ìtọ̀ náà á hó bí omi ọṣẹ. Ó ń bì láàárọ̀, èmi sì ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ìbejì ló ń bọ̀, kí àwọn ọmọ-ọmọ wa múra láti pọn àbúrò ìyá wọn. Ọjọ́ tí kò lè rìn láti ilé ìdáná dé yàrá láì dúró mí, ni mo gbé ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀. Àkọ́bí wa obìnrin, tó ń ṣe tíṣà ní Ìgbàjà, ló wá gbé wa lọ sí ọsibítù ní Ìlọrin.

Dókítà obìnrin kan ló gbà wá. Ọmọdé ni lójú mi, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló ti ń jẹ kíndìnrín méjèèjì láti ọjọ́ pípẹ́, díẹ̀díẹ̀, láìpariwo. Oògùn ara ríro tí a máa ń gbé mì lẹ́yìn iṣẹ́ oko, àti àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, wọ́n lè ti bá a dá kún un. Ó wá ṣàlàyé ohun tí kíndìnrín ń ṣe. Sítáńdáàdì mẹ́rin ni mo ti fi iléèwé sílẹ̀, nítorí náà mo ní láti wá ibi tí mo máa gbé ọ̀rọ̀ náà lé kó má baà bọ́. Àwọn ìyàwó ilé méjì tó ń gbálẹ̀ agbo ilé wa nígbà èwe mi ni mo gbé e lé.

Agbo ilé náà gbòòrò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn méjèèjì á ti dìde, ọ̀kan láti ẹnu ọ̀nà, èkejì láti ẹ̀yìnkùlé. Ohun tó dára tó bá bọ́ sílẹ̀, ìbáà ṣe abẹ́rẹ́ tàbí yẹtí ọmọ, wọ́n á ṣà á padà sínú ilé. Pàǹtí, wọ́n á kó o lọ sí ààtàn. Bí a bá jí, ilẹ̀ ti mọ́, kò sí ẹni tó ń dúpẹ́. Bí ọ̀kan bá lọ kí ọmọ rẹ̀, èkejì á gbá tirẹ̀ mọ́ ọn, a ò ní mọ̀. Kíndìnrín nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú wọn kọjá láìsinmi, wọ́n ń ṣa ohun tó dára padà, wọ́n ń da èérí oúnjẹ, iyọ̀ àti omi tó bá pọ̀ jù sínú àpò ìtọ̀. Dókítà ní wọ́n tún ń ran ara lọ́wọ́ láti ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun, ìdí tí àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó mi fi funfun nìyẹn. Bí àwọn méjèèjì bá wá dùbúlẹ̀ àìsàn pọ̀, pàǹtí kò ní wọ yàrá lọ́jọ́ kìíní. Ìdí ògiri ló máa kọ́kọ́ wà. Adìẹ á tú u. Afẹ́fẹ́ á gbé e. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i lórí ẹní, ó ti pẹ́.

"Dókítà," mo ní, "ẹ yọ ọ̀kan nínú tèmi fún un. Kíndìnrín tó mu odò gbẹ ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fi aṣọ ẹ̀rọ kan dì mí lápá, ó fún un, ó wò ó, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ẹ̀yin náà. Ẹ sì ti dàgbà. A ò lè yọ ọ́."

Àkọ́bí wa ní kí wọ́n yọ tòun. Ìyá rẹ̀ gbọ́ láti orí ibùsùn.

"Èmi kì í jẹ ọmọ tí mo bí," ó ní.

A bẹ̀ ẹ́. Ó kọjú sí ògiri. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bí àlejò tí wọn ò fún ní àga. Okùn rọ́bà kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde lára ìyàwó mi, ẹ̀rọ á fọ̀ ọ́, òmíràn á dá a padà. Yóò dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fún àkókò téèyàn lè fi lọ sóko kó sì dé. Òtútù máa ń mú un, mo máa ń fi ìró bò ó. Ó ń wo pupa tó ń lọ, tó ń bọ̀.

"Bàbá wọn," ó ní lọ́jọ́ kan, "ẹ̀jẹ̀ mi ti rìnrìn àjò ju èmi alára lọ."

Èmi ni mo máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa.

Kí a tó máa lọ sílé, dókítà pè wá jókòó. Ó ní ohun tó le jù lọ ni òun fẹ́ sọ yìí. Ìyàwó mi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ mọ́. Omi tó bá mu, kò ní ọ̀nà àbájáde, àfi ọjọ́ tó bá padà dé orí ẹ̀rọ. Bó bá pọ̀ lára rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, inú ẹ̀dọ̀fóró ni yóò lọ, ìyàwó mi yóò sì rì lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ife tíì kékeré kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, ó tán. Omi ọbẹ̀ wà nínú ìṣirò. Ògì wà nínú ìṣirò. Ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó má fẹnu kàn án. Iṣu pàápàá, kí a gé e wẹ́wẹ́, kí a rẹ ẹ́ sómi, kí a sè é, kí a da omi rẹ̀ nù, kí a tún un sè. Iṣu mi! Iṣu tí wọ́n fọ̀ títí kò fi mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́. Ó jẹ ẹ́. Ó ní ó dùn. Òun náà mọ irọ́ í pa nígbà tó bá wù ú.

A padà dé Èsìẹ́, ìròyìn sì ti ṣáájú wa délé.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: omi la fi ń gba èèyàn sílé lọ́dọ̀ wa. Bí àlejò bá jókòó, kó tó sọ ohun tó bá wá, omi ti dé iwájú rẹ̀. Bí ara ẹnìkan kò bá dá, omi ni wọ́n ń gbàdúrà sí. Ilé ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé tèmi. Àwọn ará ilé ìyàwó mi ní Òwu-Ìsin ń kírun. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wá lọ́wọ́ òfo. Ẹni tí kò gbé omi àdúrà wá gbé omi òjò àkọ́rọ̀ tó pa mọ́ láti èṣí wá, ẹni tí kò gbé ìyẹn wá gbé páálí omi inú ọ̀rá wá. Gbogbo ìfẹ́ tí wọ́n ní sí i, omi ni, ó tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri pálọ̀. Òun jókòó sáàárín rẹ̀, ètè rẹ̀ là.

A ṣàlàyé títí. Ta ló ti gbọ́ ọ rí pé omi ń pa aláìsàn? Bí a bá kọ omi àdúrà ẹnìkan, bí ìgbà tí a sọ pé májèlé ni àdúrà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló le jù. Wọ́n gbé ìgò omi kan wá láti ìsọjí, wọ́n ti ṣí i, wọ́n ti bù ú sí ife ńlá.

"Mi ò ní kúrò níbí," wọ́n ní, "àfi tí mo bá fojú ara mi rí i pé ó mu ún."

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní, "ọjọ́ tí pásítọ̀ so wá pọ̀, ẹ wà níbẹ̀?"

"Ta ló ń se ìrẹsì ọjọ́ náà bí kì í bá ṣe èmi?"

"Kí ni pásítọ̀ sọ?"

"Ó ní ẹ ti di ara kan."

"Ó tán. Ẹnu wo nínú ẹnu ara náà ni yóò fi mu ún, ṣé ìyẹn kàn yín?"

Mo gba ife náà, mo gbé e mu láìmí. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni wo olè. Wọ́n wo ìyàwó mi. Ó ti bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ni. Ẹ̀gbọ́n mi náà bá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní arìndìn ni mí láti inú ìyá wa, wọ́n sì lọ.

Bí mo ṣe di ọ̀mumi nìyẹn. Àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin gbé hàǹtú wá láti Òwu-Ìsin, omi dúdú tí àáfà fi fọ ọ̀rọ̀ mímọ́ kúrò lára wàláà. Mo na ọwọ́ sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì! Ẹ̀ ń mu hàǹtú?"

"Kíndìnrín kì í ka Bíbélì, kì í kírun. Gbé e wá, àna mi."

Mo mu ún. Àgbo nìkan ni n kò mu, nítorí dókítà ti kìlọ̀ fún èmi náà. Èyí tí wọ́n ní ó ń fọ kíndìnrín, ìdí igi ìbẹ́pẹ ni mo dà á sí. Ìbẹ́pẹ náà kò so mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ewé rẹ̀ ń kán omi láti àárọ̀ dalẹ́, adìẹ ń mu níbẹ̀.

Ẹni tó bá ń mu omi fún ẹni méjì, ìtọ̀ ẹni méjì ni yóò máa tọ̀. Ẹ̀yìn ògiri yàrá wa ni mo máa ń sáré lọ, níbi tí mo ti ń tọ̀ láti ìgbà tí a kọ́ ilé náà. Fèrèsé ibi tí ìyàwó mi dùbúlẹ̀ sí ló wà lókè ibẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Bàbá wọn."

"Hùn?"

"Ẹ̀ ń gbọ́ bó ṣe ń dún?"

"Kí ló ń dún?"

"Ìtọ̀ yín. Ó lágbára."

Mo dúró síbẹ̀, ṣòkòtò lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí òun ti tọ̀ ju ẹ̀kán omi lọ. Láti ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn dé ẹ̀yìn pápá iléèwé kí n tó tọ̀. Kò pẹ́ tó fi mọ̀.

"Ṣé wọ́n lé yín kúrò lẹ́yìn ògiri ni?" ó ní. "Ẹ padà síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ máa gbọ́ ọ."

Mo padà síbẹ̀.

Ife tirẹ̀ wà lórí tábìlì kékeré. Kì í gbé e mu bí ẹni ń mu omi. Yóò fi kan ètè, yóò gbé e sílẹ̀. Yóò fi díẹ̀ sórí ahọ́n, yóò di ẹnu, yóò máa wo òde. Bí àlejò bá wọlé, òun ló máa ń kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ fún wọn lómi." Bí n kò bá tètè dìde, yóò fi ojú lé mi dìde. Wọ́n á jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n á mu ún, ọ̀fun wọn á máa lọ sókè sódò, yóò máa bi wọ́n léèrè àwọn ọmọ wọn.

Oṣù tó ṣáájú òjò ni ìyà náà pọ̀ jù. Ooru mú, páànù òrùlé ń ta pà-à pà-à. Àkọ́bí wa ti padà sẹ́nu iṣẹ́, èmi àti òun nìkan ló wà nílé, ọjọ́ ẹ̀rọ kò sì tíì pé. Ó ti mu ife òwúrọ̀ rẹ̀. Ó pè mí.

"Bàbá wọn, ẹ bu omi fún mi. Inú àmù ni kẹ́ ẹ ti bù ú. Igbá ńlá ni kẹ́ ẹ fi bù ú."

"Mi ò bù ú."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mu odò gbẹ! Igbá omi kan ni mo ní."

"Mi ò bù ú, ìyá wọn. Ó di ìrọ̀lẹ́."

"Ahun."

"Ahun ni mí."

"Wọ́n sọ fún mi kí n tó wọlé yín. Wọ́n ní ìran yín kì í fún ejò ní ihò."

"Òótọ́ ni wọ́n sọ."

Ó sunkún, ẹkún tí kò lómi nínú. Mo lọ jókòó sórí ọmọrí àmù, mo fi ìdí dí i, kí n má baà dìde ṣe ohun tó ní kí n ṣe. Láti orí àmù náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn odò yẹn fún un. Mo fà á gùn. Mo sọ bí omi náà ṣe tutù, bó ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ òkúta, bó ṣe ń dún. Bí mo bá ní mo gbé omi mì, ọ̀fun rẹ̀ á mì. Bí a ṣe wà nìyẹn títí ó fi sùn.

Ó yẹ kí n dá ọwọ́ dúró síbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló dára jù. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti parọ́ mọ́ ọn. Ìyàwó mi kò béèrè omi rí. Kò béèrè lọ́jọ́ náà, kò béèrè ní ọjọ́ kankan tó fi ṣàìsàn. Kò pè mí láhun, kò sunkún, n kò sì jókòó sórí àmù kankan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án náà nìyí. Mo ń wo ètè rẹ̀. N kò lè wò ó mọ́. Mo dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi, mo bu omi kún igbá, mo gbé e dé iwájú rẹ̀. Mo mọ ohun tí dókítà sọ. Ó wo inú igbá náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ gbé e padà, Bàbá wọn. Mo ṣì fẹ́ wà." Mo gbé e padà. Ó wà títí di àsìkò iṣu gbíngbìn.

Èmi ni mo bu omi náà. Òun ló kọ̀ ọ́.